Ẹyẹ Tí Ẹnu Rẹ̀ Ṣì Mọ́

Ọkùnrin kan wà ní Ìkìrun. Ẹ jókòó, Eyínfúnjowó ọkọ mi, ẹ má tíì dìde. Ẹjọ́ ìyàwó yín tí ẹ rò fún mi kì í ṣe omi, kò ní dànù. Mo ti gbọ́ pé kò mọ̀ yín í kí, mo sì ti gbọ́ pé ẹ fẹ́ kí n bá yín wá òmíràn. Kí n tó fèsì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin yìí fún yín.

Wòléwòlé ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ohun tí wòléwòlé jẹ́. Tó bá ti yọ lórí kẹ̀kẹ́ báyìí, gbogbo àdúgbò á máa sáré da omi ìkòkò nù nítorí tanwíjí, ẹni tí kò gbálẹ̀ á máa wá ìgbálẹ̀ kiri. Ó máa ń ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan kó tó sọ̀rọ̀. Tí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ ọ̀fun yẹn, àwọn kan á ti kúnlẹ̀, àwọn kan á ti dọ̀bálẹ̀. Ó wá wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Ohùn tó fi ń ṣiṣẹ́ ọba náà ló ń gbé wọlé. Kì í lu ìyàwó rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ebi pa á, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n "Gbé e wá" ni, "Gbé e lọ" ni, "Ta ló pè ọ́?" ni. Obìnrin náà á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀ sà." Òun á ní, "Hẹn."

Nígbà tí Moróunkẹ́jì ọmọ wọn bímọ sí Ìlọrin, ìyá ní òun ń lọ bá a wẹ ọmọ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin yìí rí i pé ìyàwó òun kó aṣọ òkè rẹ̀ sínú àpótí, ó kó ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó sì yọ fọ́tò ìyá rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ẹni tó ń lọ wẹ ọmọ, kí ló fẹ́ fi aṣọ òkè ṣe níbẹ̀? Ó fẹ́ bi í bóyá ó máa padà wá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ í béèrè. Ohun tó jáde ni, "Tètè máa lọ, mọ́tò ò ní dúró dè ọ́." Obìnrin náà ní, "Ó dàbọ̀ sà," ó sì lọ.

Ilé wá dá páropáro. Tó bá jí, kò sí ẹni tó máa kí i. Á ha ọ̀fun ní pálọ̀, kò sí ẹni tó máa sáré jáde. Oṣù kan kọjá, èkejì wọlé, ìyàwó ò sọ̀rọ̀ àtibọ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an, kò kàn mọ̀ pé àárò ni. Òun rò pé ìkíni lásán ló wọ́n òun. Ó bá ní, kí ló dé? Ṣebí ayékòótọ́ máa ń kí èèyàn. Òun á ra ọ̀kan.

Ó lọ bá ẹlẹ́yẹ kan lẹ́yìn ọjà. Àwọn ẹyẹ wà nínú àgò lóríṣiríṣi. Èkíní mọ ọ̀rọ̀ sọ púpọ̀. Ó wo wòléwòlé láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé o wà?"

"O kẹ̀? Èmi lò ń pè ní o?"

Ẹlẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ má bínú sí i. Gbogbo ayékòótọ́ ló ń pe èèyàn ní o. Bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ lòun náà ṣe ń sọ ọ́. Ta ló máa dúró kó máa pe ẹyẹ ní ẹ?"

Wòléwòlé kọjá lọ sí èkejì. Ìkóóde ìdí tirẹ̀ pọ́n, ó ń dán, àmọ́ ó fẹ́ gé e níka jẹ. Ẹ̀kẹta jẹ́ àgbà ẹyẹ kan báyìí, tútù ni, fúnra rẹ̀ ló sún wá sẹ́nu àgò tó tẹrí ba kí wọ́n bá òun họ orí. Èèyàn mìíràn ì bá ti gbé e lọ. Wòléwòlé ní rárá o, èyí ti gbé ilé onílé rí, ta ló mọ ìsọkúsọ tó ti gbọ́ níbẹ̀? Ọ̀dọ́ ẹyẹ kan tí kò tíì fọhùn rí ló mú. Ó ní, "Èyí lẹnu rẹ̀ ṣì mọ́. Èmi fúnra mi ni màá kọ́ ọ. Á mọ̀ mí í kí bó ṣe yẹ."

Ó gbé ẹyẹ délé. Ẹ ò ní mọ wàhálà ayékòótọ́ tí ẹ ò bá tíì bá a gbélé. Ó ń da èèpo ẹ̀pà káàkiri pálọ̀, ó ń fi omi mímu wẹ̀, ó jẹ orógùn ìyàwó já sí méjì. Wòléwòlé tó jẹ́ pé eruku ojú fèrèsé lásán ló fi ń kó ará ìlú lọ sí kóòtù, òun náà ló wá ń gbálẹ̀ tẹ̀lé ẹyẹ. Síbẹ̀ ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń wá ẹyìn fún un lójoojúmọ́, ó sì ń fọ àgò rẹ̀ kó tó fọ ojú ara rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àràárọ̀ ló máa ń dúró níwájú àgò, á ha ọ̀fun, á ní, "Sọ pé, Ẹ káàárọ̀ sà." Ẹyẹ á máa wò ó. "Mo ní kí o sọ pé, Ẹ káàárọ̀ sà! Ṣé o yadi ni? Olóríkunkun!" Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí. Àwọn tó ń sin ayékòótọ́ sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá fi ìbínú sọ, kíá ló máa ń mú un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wòléwòlé wà ní yàrá, ó ń de ṣòkòtò rẹ̀, ó gbọ́ tí ẹnì kan ha ọ̀fun ní pálọ̀. Lẹ́yìn náà ohùn kan ké, "Sọ pé, Ẹ káàárọ̀ sà! Ṣé o yadi ni? Olóríkunkun!" Ó yọjú. Obìnrin tó máa ń gbé ẹ̀kọ wá fún un ló kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá lórí, ojú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má bínú sà. N ò tètè rí yín ni sà." Ìyá ọlọ́mọ, ẹyẹ ló ń bẹ̀.

Yéè! Ẹ̀rín ń pa yín, àbí? Kò pa ọkùnrin yẹn o. Ojú tì í kọjá sísọ. Kò sì mọ ẹni tó máa bínú sí, ó bá bínú sí ẹyẹ. Ó gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á. Ó ní, "Ẹyẹ burúkú lo tà fún mi. Gba ẹyẹ rẹ, fún mi ní òmíràn."

Ẹlẹ́yẹ ò fẹ́ gba ohunkóhun padà. Ẹ má rò pé ọlọ́gbọ́n kan ni o, ọ̀rọ̀ tí bàbá yìí fi máa tètè kúrò ní ìsọ̀ òun ló ń wá. Ó ní, "Bàbá, ẹyẹ yìí ò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Kò mọ̀ pé ẹ ń kọ́ òun ni. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn nínú ilé yín nìyẹn. Ẹ lọ máa kí i bí ẹ ṣe fẹ́ kó máa kí yín, á mú un." Ó bá yí sí oníbàárà mìíràn.

"Èmi? Kí n máa pe ẹyẹ ní ẹ?" Wòléwòlé gbé ẹyẹ rẹ̀, ó ń kùn títí ó fi délé. Ṣùgbọ́n ilé tó tún wọ̀ yẹn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ ń dẹ́rù bà á. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ó wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ó wá rọ ohùn sílẹ̀. "Ẹ káàárọ̀." Ẹnu rẹ̀ wúwo. Ẹyẹ gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbọ́.

Ẹ sì mọ̀ pé ìkíni tiwa kì í dá rìn. Tó bá ti ku "Ẹ káàárọ̀" nìkan, á dà bí ẹni pé ẹ ń jà. Ó tún fi kún un: "Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Nígbà tó yá, ó di "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun díẹ̀," ó di "Òtútù ò mú yín jù lánàá?" Tí ẹyẹ bá da ẹ̀pà nù, á ní, "Kò burú, ẹ má wulẹ̀ dààmú." Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn rẹ̀. Ara rẹ̀ ń fúyẹ́. Ẹyẹ ò tíì kí i lẹ́ẹ̀kan, olóríkunkun náà ló ṣì ń pè é, àmọ́ kò bínú mọ́.

Àárọ̀ kan ló ń fún ẹyẹ ní ẹyìn jẹ tí fóònù dún. Ó gbé e láìwo orúkọ, ẹnu rẹ̀ sì ti mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ohùn ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn lódìkejì, ó ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta? Ibo lo ti rí fóònù yìí? Bàbá Moróunkẹ́jì ńkọ́? Kí lẹ fi í ṣe?" Obìnrin náà ti figbe ta: "Moróunkẹ́jì, sáré wá o, wọ́n ti gbé bàbá yín lọ!"

"Ìyá Moróunkẹ́jì, èmi ni! Èmi ni mo wà níbí."

Ó ha ọ̀fun. Obìnrin náà wá mọ ọ̀fun náà. Ohùn rẹ̀ wá yàtọ̀. "Kí lẹ sọ kí n tó pariwo? Ẹ tún un sọ."

Ojú ń ti ọkùnrin náà. Gbogbo ọjọ́ tó ti ń fẹ́ obìnrin yìí ló ń wò lọ́kàn, kò rí àárọ̀ kan tó bi í léèrè oorun rẹ̀. Ó ní, "Mo ní, ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"N ò sùn dáadáa," obìnrin náà sọ. "Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn dáadáa gbẹ̀yìn." Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti orúnkún tó ń dùn ún tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ ti "Ta ló pè ọ́?" tí ọkọ rẹ̀ sọ fún un lójú àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ó ní òun ò ní ín lọ́kàn láti padà wá mọ́, òun àti ọmọ òun ti sọ ọ́, ohun tóun tiẹ̀ torí ẹ̀ pè ni láti sọ fún un pé kó má retí òun. Ọkùnrin náà ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí obìnrin náà sọ tán, ọkùnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ padà wá. Ilé ò ṣeé gbé láìsí yín."

"Ta ló kọ́ yín ní èyí?"

"Ẹyẹ ni."

Ó ṣàlàyé. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ọmọ ọwọ́ fi jí.

Kò kánjú bọ̀ o, obìnrin ni, kì í ṣe ọmọdé. Ó dúró títí ọmọ fi mọ ìjókòó, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí òun láràárọ̀ lórí fóònù, ó ń wò ó bóyá á sú ọkùnrin náà. Kò sú u. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó bọ̀. Bó ṣe ń wọ pálọ̀ ni ayékòótọ́ ha ọ̀fun, ó ní, "Sọ pé, Ẹ káàárọ̀ sà! Olóríkunkun!" Ọkùnrin náà sáré gba àpótí lórí rẹ̀, ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, èmi ló ń bá wí."

Lẹ́yìn tí wọ́n ti wà pa pọ̀ díẹ̀, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó fi "ẹ" yẹn sílẹ̀, pé ó ń ti òun lójú níwájú àwọn ará ilé. Ó ní kó máa pe òun ní ìwọ bó ṣe ń pe òun tẹ́lẹ̀, kó ṣáà máa béèrè oorun òun.

Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀. Ẹ ní kí n wá ọmọge kan fún yín, èyí tó kéré, tó tutù, tí ẹ máa fọwọ́ ara yín kọ́. Mo lè rí i. Ohun tí ẹ fi kọ́ èyí tó wà nílé náà lẹ máa fi kọ́ ọ, kí lẹ wá fẹ́ kó mọ̀? Ẹ ti wà lórí ìjókòó yìí láti ìgbà tí oòrùn ti wọ̀, ẹ ń ka ẹ̀sùn rẹ̀ fún mi, "obìnrin yẹn, obìnrin yẹn," ẹ ò tíì pe orúkọ rẹ̀. Ẹ ṣì ń rákòrò nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé yìí ní ìyàwó, èmi ni mo pọ̀n yín, ẹ tọ̀ sí mi lẹ́yìn àìmọye ìgbà. Ẹ ò gbọ́ "ìwọ" lẹ́nu mi rí. Kí ló bù kúrò lára mi?

Ẹ ò tiẹ̀ bi mí bóyá mo mọ ibi tí ìyàwó yín wà. Láti àná tó ti jáde kúrò nílé, ẹ̀yin ń wá ìyàwó tuntun. Ó dáa, mo mọ ibi tó wà. Yàrá mi ló wà, ibẹ̀ ló sùn mọ́jú, ẹkún ló sì fi sùn. Kò tíì jẹun. Gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, etí rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ.

Ẹ dìde, ẹ lọ bá a. Ẹ kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé.