Òkúta Tí Mo Fà Bí Ọmọ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi, nítorí ohùn mi kò lágbára mọ́, ohun tí mo sì fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí mo lè tún sọ lọ́la. Èmi Ọdẹ́tọ́lá ti wọ Igbó Ajídáhùn fún ọgbọ̀n ọdún, mo ti bá iwin olórí mẹ́ta jà, mo ti sùn lábẹ́ igi tí ń sunkún, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gun kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mi ni mo tó mọ ohun tí ń jẹ́ ẹ̀rù.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Ìyùnadé ọmọ mi nígbà náà, ìyá ìyàwó mi tí ń gbé ní òdìkejì igbó kò sì tíì fojú kàn án rí. Mo kan ọmọlanke kékeré kan, mo ta aṣọ bò ó, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, mo sì ní ojú irin àtijọ́ ni a ó gbà, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti hú irin rélùwéè lọ, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sí òkè tí yóò dá ẹni tó ń fa ọmọ lágara. Àṣàbí ìyàwó mi bẹ̀ mí kí a gba títì. Mo ní kò sí ohun tó wà nínú igbó náà tí kò mọ ìbọn mi.

Àárọ̀ ni a gbéra. Àṣàbí wà níwájú lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, èmi tẹ̀ lé e, Ìyùnadé sì ń kọrin lẹ́yìn mi. Nígbà tí a gun afárá odò kan, níbi tí àwọn igi tẹríba láti wò wá, tí ewé wọn ń ṣẹ́jú bí ojú ènìyàn, orin náà dákẹ́. Mo rò pé ó ti sùn ni, nítorí ìwúwo ẹ̀yìn mi kò dín. A rìn tó máìlì méjì kí Àṣàbí tó sọ̀kalẹ̀, tó ní òun kò gbọ́ ohùn ọmọ mọ́. Ó ká aṣọ náà sókè. Òkúta ni ó wà níbẹ̀, wọ́n fi fìlà Ìyùnadé dé e.

Àṣàbí yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, mo sì tẹ̀ lé e. Lórí afárá ni a ti bá obìnrin kan tí ara rẹ̀ rí bí èèpo igi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pátákò àgbọ̀nrín, tí koríko hù lórí rẹ̀ dípò irun. Ọmọ mi jókòó lórí itan rẹ̀. Mo gbé ìbọn sókè.

“Yìn ín,” ni obìnrin náà wí. “Bí o ṣe yìn ín lu ọmọ tèmi níbí nìyẹn, tí o dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tí o ń súfèé lọ. Mo sáré tẹ̀ lé ọ títí dé etí igbó, o kò bojú wẹ̀yìn.”

Mo rántí: ọmọ àgbọ̀nrín kan, tí wàrà ìyá rẹ̀ kò tíì gbẹ lẹ́nu. Mo fẹ́ sẹ́, ṣùgbọ́n Àṣàbí wò mí.

“Bàbá Ìyùnadé, ṣé òótọ́ ni?”

Mo ní òótọ́ ni. Nígbà náà ni ìyàwó mi kúnlẹ̀ lórí afárá, ó béèrè orúkọ ọmọ iwin náà. Iwin náà ní ènìyàn kankan kò bi òun bẹ́ẹ̀ rí, ó sì sọ ọ́ sí i létí. Àwọn méjèèjì sunkún títí oòrùn fi kúrò lókè orí. Lẹ́yìn náà iwin gbé Ìyùnadé fún ìyá rẹ̀, ó wá kọjú sí mi.

“Nítorí ìyá rẹ̀ ni mo ṣe dá a padà. Ìwọ yóò máa rí i lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ ọ́ ní bàbá mọ́.”

Mo nawọ́ sí ọmọ mi. Ó fi ojú pamọ́ sí àyà ìyá rẹ̀, ó bi í pé ta ni ọkùnrin yìí. Báyìí ni a ṣe padà sílé, Àṣàbí pọn ọmọ, ó ń fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítorí Ìyùnadé kò gbà láti jókòó sínú ohun tí àlejò ń fà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó bá fẹ́ yìnbọn, kó kọ́kọ́ wo ohun tó ń tọ ẹran náà lẹ́yìn. Ẹni tó bá sì ń fa ọmọ, kó máa bojú wẹ̀yìn, kó má fi ìwúwo nìkan mọ̀ pé ọmọ òun wà níbẹ̀. Ìyùnadé ti di abiyamọ báyìí, ó níwà, ó máa ń gbé oúnjẹ wá fún mi. Lánàá ó kúnlẹ̀ tì mí, ó rọra béèrè pé, “Àgbà ọdẹ, ṣé ẹ kò bímọ rárá ni?”

Mo ní mo bí ẹyọ kan.