Ọ̀gán Tó Kọ́ Mi Pe Àwẹ̀ró

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fara balẹ̀, nítorí ẹnu tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi wá a kí n tó rí i.

Èmi Ọdẹ́gbàmí, ọdẹ tí ẹkùn mọ ohùn rẹ̀, ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá lulẹ̀ ní ìdí etu tí mo ń kun. Ọwọ́ ọ̀tún mi kú, gbogbo ọ̀rọ̀ sì fò lọ lẹ́nu mi àfi ẹyọ kan: "Ìbọn." Bí mo bá fẹ́ omi, ìbọn ni, bí mo bá fẹ́ pe Àwẹ̀ró, aya mi tí mo máa ń fi oríkì jí láràárọ̀, ìbọn náà ni. Òun a rẹ́rìn-ín, a ní, "Ìbọn ń bọ̀ o, baálé mi," a sì wọ yàrá lọ sunkún.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà tí kò jẹ́ kí n kú. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn sọ fún Àwẹ̀ró pé, "Màmá, ìwádìí wa fi hàn pé ohun tí kò bá padà láàrin oṣù mẹ́fà, kí ẹ má retí rẹ̀ mọ́."

Àwẹ̀ró ní, "Ṣé ẹ bi ọdẹ kankan nínú ìwádìí náà? Ṣé ẹ bi arúgbó oko?"

Dókítà mi orí, ó ní, "Rárá." Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí wọn kò bi léèrè ni wọ́n fi ìdáhùn ẹlòmíràn dá lẹ́jọ́. Ìrẹ́jẹ wo ló ju èyí lọ?

Ní oṣù keje, mo wọ igbó. Ẹ mọ̀ pé bí ọdẹ bá ń lọ, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ṣẹ́ ewé sójú ọ̀nà, kí ó lè rí i ní apá òsì bí ó bá ń bọ̀. Òsì ni mo fi ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà. Bí mo ti ń bọ̀, apá òsì náà ni mo ń wò gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, n kò sì rí ewé kankan. Bí mo ṣe ṣìnà wọ Igbó Ìgbàgbé nìyẹn, níbi tí àwọn igi ti ń béèrè orúkọ lọ́wọ́ ara wọn, tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń bi aláǹgbá pé níbo ni ilé òun wà. Ó rẹ̀ mí, mo jókòó lé ọ̀gán kan.

"Ta ló gbé ìdí lé mi lórí?"

Iwin kan dìde lábẹ́ mi: ara ènìyàn, orí ọ̀gán, ikán ń wọlé, ń jáde ní etí rẹ̀.

"Ìbọn!" ni mo dáhùn.

"O fi ìdí wó mi lórí, o tún fẹ́ yìnbọn lù mí? Arúgbó aláìnítìjú!" Ó wò mí títí. "Háà, ilé ọ̀rọ̀ tìrẹ náà ló wó." Ó tọ́ka sí ibi tí mo wó, àwọn ikán ti ń gbé amọ̀ wá, wọ́n ń la ọ̀nà tuntun gba ẹ̀gbẹ́. "Ǹjẹ́ o rí ikán kan tó béèrè ọjọ́ orí mi? Apá ọ̀tún ni ewé rẹ wà. Ọwọ́ òsì rẹ ti kọ́ iṣẹ́ tuntun, ìwọ ni o kò gbà pé ó mọ̀ ọ́n. Máa lọ. Ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan, wá ọ̀rọ̀ kan. Bí kò bá wá lónìí, padà wá lọ́la."

Mo padà lọ́la. Mo padà lójoojúmọ́. "Omi" gbà mí ní ọjọ́ mọ́kànlá. "Iyọ̀" gbà mí ní oṣù kan. Nígbà tí ọdún yípo, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, mo ní, "À... Àwẹ̀ró."

Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta lẹ pè?"

"Àwẹ̀ró."

"Ṣé n kì í ṣe ìbọn mọ́?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, lọ́jọ́ náà kò sì wọ yàrá lọ kí ó tó sunkún.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ẹ má da tiyín nù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní arúgbó yín kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ mọ́, ẹ bi wọ́n pé, arúgbó wo ni wọ́n bi? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ikán, èyí tó pọ̀ jù nínú ọpẹ́ mi sì jẹ́ ti obìnrin tó ń jẹ́ Ìbọn fún ọdún kan ààbọ̀, tí kò sì yìn lù mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.