Bàtà Rọ́bà Tí Omi Kò Kàn

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé inú omi ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Adágún ẹja mẹ́rin ló ń tọ́jú fún ẹnì kan lẹ́yìn ìlú. Láràárọ̀ ló ń wọ inú omi náà lọ, á kó ìdọ̀tí, á fa àwọ̀n, á ṣa òkú ẹja dànù. Omi yẹn kì í kọjá agbedeméjì ojúgun, ṣùgbọ́n ó dúdú, ó sì ń rùn, nítorí ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ wọn ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Sálúbàtà ni ọkùnrin yìí ń wọ̀ dé bèbè. Bó bá débẹ̀, á bọ́ ọ sílẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ lásán wọlé. Bó ṣe ṣe é fún ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn.

Ní ọdún kẹwàá, egbò kan yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Kékeré ni. Ó ní yóò san. Oṣù méjì kọjá, kò san, ńṣe ló ń jẹ wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ló fà á dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì yẹ egbò náà wò, ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà wà lára rẹ̀, ohun tí kò jẹ́ kí egbò tètè jinná nìyẹn. Ó ní bí omi adágún kò bá kàn án mọ́, yóò jinná. Bí omi náà bá tún ń wọ̀ ọ́, gígé ni wọ́n máa gé ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Ìyàwó gbọ́, ọkọ náà gbọ́.

Fífi iṣẹ́ sílẹ̀ kò ṣeé ṣe, nítorí òun ni gbogbo ilé ń jẹ. Nọ́ọ̀sì wá ní kí ó lọ wá bàtà rọ́bà gidi, èyí tó ga dé orúnkún, tí omi kò ní rí ọ̀nà wọ̀.

N kò ní parọ́ mọ́ ọkùnrin yìí. Ó mọ bàtà yàn. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ oko, ó fìdí kalẹ̀, kò kánjú. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún un ń dán gbinrin. Ó tẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó rí i pé rọ́bà ibẹ̀ ti ń sán, ó dá a padà. Èkejì ní ojú ìrán lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní omi á gba ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Ẹ̀kẹta kúrú jù. Abẹ́ ẹ̀kẹrin ń yọ̀ bí àwo tánganran, ó sì mọ irú ẹrẹ̀ tó wà nínú adágún òun. Nígbà tó kan ẹ̀karùn-ún, èyí tí wọ́n rọ lódindi láìsí ojú ìrán kankan, tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín jinjin, ó ní kí wọ́n bu omi sí garawa. Ó ri bàtà náà bọ omi títí dé ìdajì, ó dì í mú síbẹ̀, ó sì ki ọwọ́ kejì sínú rẹ̀. Ó gbẹ. Ó tún wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn kó tó fi ẹsẹ̀ sí i, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Oníbàtà wò ó títí.

"Bàbá, ṣé bàtà lẹ fẹ́ rà ni, àbí ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́?"

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rò pé wàhálà ti tán.

Ó yẹ kó tán. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ tí wọ́n ń lọ, àṣà ni pé wọn kì í lo ohun tuntun kí wọ́n tó gbé e wá síwájú pẹpẹ. Ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, ọ̀kadà tuntun, ìkòkò ìdáná tuntun, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá fún àdúrà. Àṣà tó dára ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọkùnrin náà gbé bàtà rọ́bà rẹ̀ wá. Pásítọ̀ ti ìka bọ òróró, ó fi kan orí bàtà méjèèjì, ó sì gbàdúrà pé kí àrùn má ṣe kan ẹsẹ̀ tó bá wọ̀ ọ́. Ìjọ ṣe àmín.

Ní ọjọ́ kejì, ó wọ bàtà náà jáde nílé. Ìyàwó rẹ̀ rí i. Nígbà tí ọkọ dé bèbè adágún, ó wo omi dúdú náà, ó wo bàtà, ó rí ojú òróró tó ń dán lórí rẹ̀. Ó ronú díẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó fi náílọ́ọ̀nù méjì wé e, ó gbé e kọ́ sórí òpó kan ní bèbè, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán wọ inú omi. Náílọ́ọ̀nù méjì ló fi wé bàtà. Kò fi ẹyọ kan wé egbò.

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ rí i pé aṣọ egbò tutù. Ọkọ ní ẹsẹ̀ a máa làágùn nínú rọ́bà. Kò sì parọ́, ẹsẹ̀ a máa làágùn nínú rọ́bà. Obìnrin náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń gbálẹ̀, ó gbé bàtà náà kúrò lọ́nà. Ó yí i po lọ́wọ́. Ojú ìka Pásítọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀ gedegbe, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó sọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí oòrùn ga, ó bu oúnjẹ sínú abọ́, ó gba ọ̀nà adágún lọ.

Bàtà ló kọ́kọ́ rí, tó ń fì lórí òpó bí ẹni tó gba ìsinmi. Lẹ́yìn náà ló rí ọkọ rẹ̀ nínú omi dúdú, tó ń fa àwọ̀n, tó sì ń kọ orin ìyìn.

"Bàbá Ìbídùn, kí ló wà nínú náílọ́ọ̀nù yẹn?"

"Bàtà mi ni."

"Kí lẹ rà á fún?"

"Fún omi ni."

"Kí wá ni ẹ dúró sí yìí?"

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìbídùn, fara balẹ̀ ná. Bàtà tí ìránṣẹ́ Ọlọ́run gbé ọwọ́ lé, ṣé inú ìgbẹ́ ẹja ló yẹ kí n wọ̀ ọ́ lọ?"

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n gbàdúrà fún, àbí rọ́bà?"

Obìnrin náà rojọ́ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Ọkùnrin náà jáde, ó wọ bàtà lójú rẹ̀, ó sì padà sínú omi. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wọ̀ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, á jókòó, á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, á fi igi yọ ẹrẹ̀ láàárín eyín rẹ̀, á sì tún fi aṣọ nù ún. Lọ́jọ́ kẹrin, fífọ̀ náà sú u. Bàtà padà sórí òpó.

Obìnrin náà gba ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ lọ. Pásítọ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà, ó sì sọ fún un kedere pé kó máa wọ bàtà rẹ̀ wọ omi. Ọkùnrin náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Bẹ́ẹ̀ ni ló ń sọ fún gbogbo ènìyàn. Ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ó sọ ọ́ fún ìyàwó, ó sọ ọ́ fún Pásítọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ ni bá ń wo egbò sàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá ti jinná.

Ọjọ́ tí wọ́n ń kó ẹja lọ́pọ̀, àrọ̀ ńlá kan ta nínú àwọ̀n, ẹ̀gún ìyẹ́ rẹ̀ sì gún ọkùnrin náà sínú egbò gan-an. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ ti wú, ó ti dúdú. Dókítà gé ìka mẹ́ta. Ó ní àánú Ọlọ́run ni kò jẹ́ kó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ìta, kò sunkún. Inú bí i débi pé ẹkún kò jáde.

Nígbà tí ọkùnrin náà lajú, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Bàtà mi dà? Ṣé wọn ò tíì jí i lórí òpó?"

Obìnrin náà dìde. Ó jáde lọ.

Ẹni tó ni adágún ti ń wá òṣìṣẹ́ mìíràn. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun dúró fún ọkọ òun títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ó gbà. Obìnrin náà lọ síbi òpó, ó fa náílọ́ọ̀nù méjèèjì ya, ó ki àkísà sí iwájú bàtà nítorí ó tóbi fún un, ó wọ ìbọ̀sẹ̀, ó sì wọ inú omi. Omi dúdú náà gun bàtà dé ìdajì, ó dúró síbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán.

Bàtà yẹn náà ló wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ gbé ẹrẹ̀ wọlé. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò ní pẹ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ rí ẹrẹ̀ lára bàtà, ó gbìyànjú láti dìde.

"Ìyá Ìbídùn, o ti bà á jẹ́."

Obìnrin náà bọ́ bàtà kan, ó gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lé orí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà fọwọ́ kan ìbọ̀sẹ̀. Ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀, ó tẹ gìgísẹ̀, ó tẹ àárín ìka, bó ṣe wá ọ̀rinrin nínú bàtà ní ìsọ̀ lọ́jọ́sí. Kò rí i. Ó wo ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ nínú báńdéèjì.

Ó ní, "Ó gbẹ."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ó ti gbẹ láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á."

Arákùnrin mi, mo rí i pé ò ń rẹ́rìn-ín. Má fi ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé nínú ọdún yìí tí a jókòó báyìí nítorí ìbínú rẹ. Ìwọ náà mọ ohun rere yàn. Kò sẹ́ni tó mọ Ìwé Mímọ́ jù ọ́ nínú kíláàsì Bíbélì wa. Gbogbo ẹsẹ tó sọ nípa sùúrù ni o mọ̀ lórí, o sì ń kà á fún wa lọ́jọ́ Ìsinmi pẹ̀lú ohùn tó dùn. Bíbélì rẹ wà nínú àpò aláwọ, síìpù rẹ̀ ṣì ń dán. Ṣùgbọ́n bí o bá ti dé ìdí iṣẹ́ rẹ, tí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ bá ti mú ọ bínú, ńṣe ni o máa ń bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní bèbè kí o tó wọlé. O sọ fún mi lánàá pé ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ dọ̀tí, pé kò yẹ kí èèyàn mú ohun mímọ́ dé irú ibẹ̀.

Ibi tó dọ̀tí yẹn ni Ọlọ́run rí tó fi fún ọ ní ọ̀rọ̀ sùúrù náà. Bí o bá rò pé nítorí ilé ìjọsìn ni, ilẹ̀ ilé ìjọsìn gbẹ, arákùnrin mi. A ti gbá a.

Má sọ bẹ́ẹ̀ ni fún mi. O ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀la ni ọjọ́ Ajé, wàá sì padà sínú omi rẹ. Bí o bá dé bèbè, má bọ́ ọ.