Àgádágodo Orí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọkùnrin kan wà, Mùfútáù lórúkọ rẹ̀, tí ó ń wa ọkọ̀ fún oníṣòwò pákó kan. Ọkọ̀ náà ti gbó, ṣùgbọ́n ó lágbára, nítorí ó ní tọ́bò, ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè sáré. Ojoojúmọ́ ni awakọ̀ yìí ń gbé ọ̀gá rẹ̀ lọ sí ibi ìlagi, lójú ọ̀nà eléruku tí kò ní ọ̀dà. Ọ̀gá a jókòó sẹ́yìn, a ti gíláàsì mọ́ ara rẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Wọ́n á bu òmíràn sí i, kò ní pẹ́, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì á tún gbẹ. Ọ̀gá pe mẹkáníìkì. Ìyẹn wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fọwọ́ pa ilẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, kò jò. Ilẹ̀ gbẹ."

Ọ̀gá yíjú sí awakọ̀. "Bí kò bá jò, ta ló ń mu ún?"

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì wò."

"Kí n tú ẹ́ńjìnnì? Ìwọ gan-an ni mo fẹ́ tú!"

Ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ó ní kí wọ́n jó irin mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fi àgádágodo tì í. Òun nìkan ló ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Awakọ̀ kò bínú. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ọ́ìlì bá tún dín báyìí, àgádágodo yìí ni yóò jẹ́rìí òun. Ó sì nílò ẹlẹ́rìí lákòókò náà, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ lọ sílé ọkọ. Ẹbí ọkọ máa tó rán ènìyàn wá ṣèwádìí ládùúgbò, bí a ti ń ṣe, pé irú ènìyàn wo ni bàbá ìyàwó.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá ọ́ìlì gbẹ. Awakọ̀ mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "O ti ṣe kọ́kọ́rọ́ mìíràn, àbí? Mi ò mọ̀ pé ọgbọ́n rẹ tó báyìí."

Ó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ ibi ìlagi. "Ẹ wò ó dáadáa. Olè nìyí." Àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun tẹ́lẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi dé ojú títì: "Ẹ kú ọ́ìlì o, Mùfútáù! Ẹ bu díẹ̀ fún wa!"

Ọ̀gá wá ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Kò ṣí àgádágodo mọ́. Olè ti lọ, kí ni yóò tún mú ọ́ìlì dín?

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, eruku sì para mọ́lẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, awakọ̀ dúró ní oríta, ó ń wáṣẹ́. Ọkọ̀ náà dé. Ọkọ̀ agégi kan dí ọ̀nà, ọ̀gá sì dúró pẹ́, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà là, ó tẹ iná. Èéfín aláwọ̀ aró tú jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà, ó nípọn, ó ń rùn bí ọ́ìlì tó jóná. Awakọ̀ fọwọ́ lérí. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni èéfín yìí ti ń jáde, eruku ló ń bò ó. Inú ọkọ̀ lòun náà sì máa ń wà. Kò dúró lẹ́yìn rẹ̀ rí. Ọkọ̀ ló ń jó ọ́ìlì ara rẹ̀.

Ó sáré tẹ̀ lé e. "Ọ̀gá! Ẹ wẹ̀yìn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ̀yìn!"

Ọ̀gá rí i nínú dígí. Ó rò pé ìjà ló ń bọ̀ wá jà. Ó tún tẹ iná sí i.

Kò tíì gun òkè tán tí ẹ́ńjìnnì fi nọ́ọ̀kì, ọkọ̀ sì kú sójú ọ̀nà. Nígbà tí mẹkáníìkì dé, tó tú rọ́bà ara tọ́bò, ọ́ìlì ṣàn sí i lọ́wọ́. Inú tọ́bò ti jẹ, kò lè dá ọ́ìlì dúró mọ́. Awakọ̀ ti sáré dé tipẹ́, ó dúró tì wọ́n, ó ń retí ọ̀rọ̀ kan péré. Ọ̀gá wo ọ́ìlì, ó wo àgádágodo, ó wo awakọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí mẹkáníìkì lọ wá ẹ́ńjìnnì àti tọ́bò mìíràn, ó sì kọ ẹ̀yìn sí awakọ̀.

Wọ́n tún ọkọ̀ ṣe, ó sì dára. Àwọn tó wá ṣèwádìí dé àdúgbò, wọ́n béèrè, àdúgbò sì sọ ohun tó gbọ́. Wọn kò padà wá mọ́.

Ìwọ tí o ń gbọ́ mi, tí o ní ọmọ ọ̀dọ̀ nílé, tí o ní ọlọ́dẹ lẹ́nu géètì, ìwọ lọ̀gá yẹn. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí nǹkan dín nílé rẹ, ẹni tí apá rẹ ká ni o kọ́kọ́ mú. Nígbà tí ẹ̀rí dá a láre, o sọ ẹ̀rí náà di ọgbọ́n olè. Sọ̀ kalẹ̀. Lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ kí o tó pe ẹnikẹ́ni lólè. Bí o bá sì ti pè é ná, má wá sọ fún mi pé o ti ra tọ́bò tuntun. Padà sáàárín àwọn tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, kí o pariwo bí o ti pariwo nígbà yẹn, kí o sọ pé irọ́ ni o pa mọ́ ọn.

Tètè lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣì wà nílé.