Ìjàpá Dé Ìwo Oníwo

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó fo ilé ọlọ́lá, ó fo ilé akúṣẹ̀ẹ́, kò bà lé ẹnì kan àfi Ìjàpá Ahun, ọkọ Yánníbo, àti ẹranko gìrìwò kan tí ọ̀pọ̀ yín kò rí rí.

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹranko yìí ga ju ẹṣin lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé bó bá fẹ́ jẹ koríko ilẹ̀, àfi kó kúnlẹ̀. Imú rẹ̀ wú bí ẹni tí oyin ta. Ìwo orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ̀ bí àtẹ tí wọ́n fi ń pàtẹ ọjà. Òyìnbó ń pè é ní múùsì. Ilẹ̀ òtútù ló wà báyìí, níbi tí omi ti ń dì bí òkúta. Láyé ọjọ́un, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ń gbé, Abìwo-bí-àtẹ là ń pè é. Ooru ló lé e lọ. N kò bá a wí. Èmi náà ì bá ti bá a lọ bí mo bá ní ẹsẹ̀ mẹ́rin.

Àṣà kan wà nílùú àwọn ẹranko nígbà náà. Ẹni tí kò níwo ló ń dọ̀bálẹ̀ fún oníwo. Ẹni tí ìwo rẹ̀ kéré a sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí tirẹ̀ tóbi. Bí wọ́n bá dé etí adágún, àwọn oníwo ni yóò kọ́kọ́ mu. Ìgbà tí wọ́n bá tẹ omi di ẹrọ̀fọ̀ tán ni àwọn orí pípá tó ń mu tiwọn.

Ìyà yìí dun Ìjàpá dé egungun. Àyà rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni Ẹfọ̀n ń dúró lé e lórí.

"Ìjàpá, o kò rí mi ni? Dọ̀bálẹ̀!"

"Bàbá Ẹfọ̀n, mo ti dọ̀bálẹ̀."

"N kò rí i."

"Ṣé kí n wọ inú ilẹ̀ lọ ni?"

Ehoro á wá máa rẹ́rìn-ín, òun tó jẹ́ pé etí lásán ló nà sókè bí ìwo.

Ni ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Ewé igbó gbẹ. Ohun jíjẹ tó kù kò ju gbòǹgbò òṣíbàtà nísàlẹ̀ adágún lọ. Àṣà sì ni pé ẹni tí ìwo rẹ̀ tóbi jù ni yóò wọ omi fún ìlú. Abìwo á pa ihò imú dé, á rì sísàlẹ̀, á pẹ́ níbẹ̀ títí àwọn ìyá á fi káwọ́ lérí. Á tún yọ, òṣíbàtà á kún ẹnu rẹ̀, á pín in fáwọn ọmọ kí òun tó jẹ.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ mu omi ni Ìjàpá rí nínú àṣà yìí. Ibi tí iṣẹ́ wà, ojú rẹ̀ kò débẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ wo àwọn tó ń du oyè ládùúgbò yín.

Lọ́jọ́ kan, Ìjàpá rí Abìwo nínú igbó, òun nìkan, nítorí kì í bá ẹgbẹ́ rìn. Ó ń fi orí ha igi. Gbì! Ìwo kan já bọ́. Ó gbọn orí. Gbì! Èkejì bọ́. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù, ó bá tirẹ̀ lọ, kò wẹ̀yìn.

"Kò mọ iyì ohun tó ní!" ni Ìjàpá wí. Kò mọ̀ pé ọdọọdún ni ìwo yẹn ń bọ́, tí òmíràn ń hù. Ó fi ìtàkùn so ó mọ́ra, ó wọ́ ọ délé.

"Olówó orí mi," ni Yánníbo wí, "ọrùn yín á gbé èyí báyìí?"

"Oyè kì í wúwo lọ́rùn ẹni tó bá fẹ́ ẹ." Ó fi ìtàkùn náà dè é mọ́ orí.

Nígbà tí oòrùn kàntàrí, àwọn ẹranko rí ìwo ràgàjì tó ń bọ̀ nínú koríko gíga. Wọn kò rí orí tó gbé e. Orin ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló ń bọ̀ létí omi?
*Gbìrìgbìrì, ilẹ̀ ń mì.*
Abìwo ni, ẹ yàgò o.
*Gbìrìgbìrì, ilẹ̀ ń mì.*
Orí pípá, ẹ dọ̀bálẹ̀.
*Gbìrìgbìrì, ilẹ̀ ń mì.*

Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ṣé ebi ń pa yín ni? Ẹ gbè é!

Ẹfọ̀n na gbalaja. Ìjàpá yọjú lábẹ́ ìwo, ó rí irùngbọ̀n Ẹfọ̀n nínú eruku. Ara rẹ̀ yá gágá.

Ó mú ohùn rẹ̀ ki, ó ní, "Ẹfọ̀n, n kò rí i dáadáa. Tún un ṣe."

Ẹfọ̀n tún un ṣe. Ìjàpá mu omi tó mọ́ lóló, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Kò pẹ́ ni Abìwo dé, orí rẹ̀ ń dán.

"Ta ni gìrìwò orí pípá yìí?" ni Ẹfọ̀n pariwo. "O kò rí àgbà? Dọ̀bálẹ̀!"

Abìwo wo ìwo náà. Kò dọ̀bálẹ̀, kò sì jà. Ìyá Òkété ló kígbe lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Bàbá oníwo, ebi ń pa àwọn ọmọ. Ẹ bá wa wọ omi."

Ìjàpá ì bá ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n eruku irùngbọ̀n Ẹfọ̀n ṣì ń dùn mọ́ ọn. Ó wọ́ wọ omi. Ìwo fà á lọ sísàlẹ̀ bí ọlọ. Omi hó, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

"Àgbà ń ṣiṣẹ́," ni Ehoro wí.

"Àgbà ń kú," ni Abìwo dá a lóhùn, ó sì bẹ́ sómi.

Ó tẹ ìwo mọ́ ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, ìtàkùn já. Ìjàpá tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ ohun tó dé. Ó ṣáà la ẹnu, ó bu awọ ọ̀fun Abìwo jẹ, ó dì í mú. Nígbà tí wọ́n yọ, òṣíbàtà wà lẹ́nu Abìwo lókè, Ìjàpá ń fì dìrọ̀dìrọ̀ nísàlẹ̀.

"Háà! Ìjàpá ni mo dọ̀bálẹ̀ fún!" ni Ẹfọ̀n wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì!"

Ó sáré dìde pé òun á tẹ̀ ẹ́ fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ìjàpá ń wò ó, ó túbọ̀ ń wa eyín mọ́ awọ. Abìwo ń rìn kiri, ó ń pín òṣíbàtà fáwọn ọmọ, Ìjàpá ń fì, awọ ń nà.

Nígbà tó pín in tán, ó ní, "Ẹfọ̀n, fi í sílẹ̀."

"Orí pípá ni yóò pàṣẹ fún mi?"

"Ìwo ni mo sọ nù, Ẹfọ̀n. N kò sọ orí nù."

Ẹfọ̀n wo àwọn ọmọ tó ń jẹun. Ó wo orí dídán náà. Ó rọra na gbalaja. Gbogbo oníwo tẹ̀ lé e, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún orí pípá, ohun tí ìlú náà kò rí rí.

Ìgbà náà ni Ìjàpá tó la ẹnu, tó bọ́ sílẹ̀ pọ̀, tó wọ koríko lọ. Ṣùgbọ́n awọ tó nà kò padà. Títí dòní, bọ̀lọ̀jọ̀ ẹran kan ń fì lábẹ́ àgbọ̀n Abìwo. Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òtútù ṣì ń jiyàn lórí iṣẹ́ tó ń ṣe. Wọn ì bá ti wá bi wá.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyí. Bí mo bá purọ́, kí àgbọ̀n tèmi náà gùn, kó máa fì dìrọ̀dìrọ̀. Ẹ wò ó, ó ṣì mọ níwọ̀n.