Agbálé tí Kò Gbélé

Ọkùnrin kan wà, iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe, ó lọ wo orílẹ̀-èdè kékeré kan láàrin àwọn òkè ilẹ̀ Yúróòpù. Ibẹ̀ kéré débi pé ẹni tí ó bá jẹun àárọ̀ ní ẹnubodè kan lè jẹun ọ̀sán ní ẹnubodè kejì. Ọkùnrin náà rìn ín já, kò rí alágbe kan. Ó ní, "Ìlú tí kò ní tálákà nìyí. Bó ṣe yẹ kí tiwa rí nìyẹn."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó bá ìyá arúgbó kan tó ń gbálẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì tí ó wọ̀ sí, tó ń fi Yorùbá kọrin sínú. Inú rẹ̀ dùn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí i bí àlejò ṣe ń kí onílé: "Ẹ kú ilé o, Màmá."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ilé ta ni, ọmọ mi? Mò ń gbá a ni, n kò gbé inú rẹ̀."

Ó ṣàlàyé pé òfin ibẹ̀ kò gbà kí irú àwọn, òṣìṣẹ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, sùn mọ́jú níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọkọ̀ a kó wọn lọ sí orílẹ̀-èdè kejì, ní ìsàlẹ̀ òkè. Ìgbà náà ló yé ọkùnrin yìí ìdí tí kò fi rí tálákà. Ṣe ni wọ́n ń gbá wọn jáde bíi pàǹtí.

Inú bí i. Ó dá ìyá náà dúró, ó ń bú òfin náà ṣáá, títí ọkọ̀ ìkẹyìn fi lọ. Òjò dídì sì ti ń bọ́.

Ìyá náà wo ojú rẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi kò gbé òkè yìí mọ́. Ṣé àga kan wà lọ́dọ̀ rẹ tí mo lè fẹ̀yìn tì?"

Ibùsùn méjì ló wà ní yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ro ti ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó ro ti ọlọ́pàá. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Òfin wọn ni. Ọlọ́run á ṣọ́ yín."

"Ó dáa," ni ìyá náà wí. Ó so ìborùn mọ́rí, ó sì rọra sọ̀kalẹ̀ lọ nínú òtútù.

Lówùúrọ̀, ẹlòmíràn ló wá gbálẹ̀. Ọkùnrin náà béèrè ìyá náà, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń wí. Ó padà sílé, ó ń ròyìn ìkà àwọn ará òkè káàkiri. Kò sọ ti ibùsùn kejì.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, mo mọ̀ pé o kórìíra ìrẹ́jẹ, mo ti gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe ń ròkè lórí rẹ̀. Lọ ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí òtútù ń pa kò lè fi ìbínú rẹ bora.