Ilẹ̀kùn Tó Ń Yẹ Àtẹ́lẹwọ́ Wò

Mo fẹnu kan irin, òótọ́ ni ìtàn yìí, bí kì í bá tilẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà ìyàn, Baálẹ̀ Ògúnṣakin kó àgbàdo ìlú sínú àká, ó ní fún obìnrin kan tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, "Ìyá Àsàbí, kan ilẹ̀kùn tí yóò dá olè mọ̀ láìsí kọ́kọ́rọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ebi ni yóò pa ọmọ rẹ." Gbẹ́nàgbẹ́nà náà bi í pé, "Bàbá, ẹni tí ilẹ̀kùn bá kọ̀ ni olè, àbí?" "Bẹ́ẹ̀ ni! Gbogbo ìlú, ẹ gbọ́!" Ìyá Àsàbí fi okùn tó kún fún ẹ̀gún ṣe ọwọ́ ilẹ̀kùn. Àgbẹ̀ fà á, aṣẹ́gi fà á, ó ṣí, nítorí àtẹ́lẹwọ́ wọn ti yi. Baálẹ̀ fà á, ó figbe ta, ẹ̀jẹ̀ bo ọwọ́ rẹ̀. "Olè rèé o!" ni ìlú hó, wọ́n pín àgbàdo, Àsàbí sì jẹ àjẹyó. Ibi tí mo ti purọ́ nìyẹn: ọmọ náà ti kú kí ìyá rẹ̀ tó kan ilẹ̀kùn tán.